Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Bọ́dúndé ní Ìkẹ́rẹ́

Bí ẹ bá ń wá ọkọ mi, ẹ má wá a lórí àga. Ládépọ̀ kì í jókòó. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, orí ìrìn ló ti ń fá irùngbọ̀n, bí àlejò bá sì wọlé, àlejò á jókòó, òun á máa yí i ká bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí wa, mo gbé iyán kalẹ̀, mo dúró tì í, mo ní, "Bàbá Ìyábọ̀, bí ẹ ò bá jókòó jẹ iyán yìí, ajá ni màá kó o fún." Ó jókòó lóòótọ́. Kí n tó bu omi dé, ó ti dìde, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń lọ wo igi kòkó lẹ́yìnkùlé. Kòkó tí ẹnikẹ́ni ò jí! Mo fa iyán náà mọ́ra, mo jẹ ẹ́ tán.

Àwọn ará Ìṣẹ́ ní ogun ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lọ jagun ní Bóòmà tí kò kó nǹkan bọ̀ láti inú igbó ibẹ̀, pé ti Ládépọ̀ ni kó máa rìn. Kí n tó fẹ́ ẹ, ìyá mi bi mí bóyá mo lè bá ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ gbélé. Èmi náà kọ́kọ́ gbà pé Bóòmà ni. Ìgbà tí mo dé ilé rẹ̀ tí mo fi ojú ara mi wò ó, mo rí i pé Bóòmà kọ́ ló ń lé ọkọ mi kiri. Opó kan ni, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, tó ń ran òwú níwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Yèyé Bọ́dúndé là ń pè é.

Bọ́dúndé ni ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí. Òun àti ọkọ mi jọ dàgbà ni, wọ́n jọ dẹ òkété, wọ́n jọ jẹ ẹgba lọ́wọ́ tíṣà kan náà. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń wá ọmọ ogun kiri ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n jọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Adó, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ ibi tó wà. Ọkọ mi nìkan ló bọ̀. Ìbọn ba Bọ́dúndé nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun parí, Ládépọ̀ ló sì gbé orí rẹ̀ sórí itan títí ẹ̀mí fi bọ́. Gbogbo Ìṣẹ́ ló mọ̀. Ìyá tó bí i nìkan ni kò mọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí á ní báwo ni ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Àgbà ilé ní í sọ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti kó àwọn obìnrin tó lágbára jókòó sí yàrá kejì tí wọn yóò dì í mú, tó bá sì ti fi òwe yí ọ̀rọ̀ náà ká títí ìyá fúnra rẹ̀ á fi bá a níbẹ̀. Àgbà ilé Bọ́dúndé ni Bámijókò, àbúrò bàbá rẹ̀, torí bàbá náà ti ṣaláìsí. Lọ́jọ́ tí Ládépọ̀ sọ̀ nínú lọ́rì, Bámijókò ti dúró dè é lójú ọ̀nà. Ó ní, "A ti gbọ́. Má la ẹnu rẹ. Ẹnu tiwa ni ó ti máa gbọ́ ọ." Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Kò tíì délé tí Yèyé Bọ́dúndé fi sáré pàdé rẹ̀, gèlè ti já bọ́ sí èjìká rẹ̀: "Ládépọ̀! Ìkejì rẹ dà?" Ọkọ mi wo Bámijókò. Bámijókò wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ó ń bọ̀, Yèyé. Wọ́n ṣì ń lò ó lọ́hùn-ún ni."

Ó ń bọ̀! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu.

Bámijókò kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, ìfẹ́ àti ojo. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní kí a jẹ iṣu tuntun tán. Iṣu tuntun kọjá, ó ní ikọ́ ń ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, kí ara rẹ̀ yá ná. Ara yá, ó ní a kì í fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ Kérésìmesì. Ọ̀la kò tán nílé Bámijókò. Nígbà tó yá, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tú mọ́, torí ẹni tó bá tú u gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọn kò fi tú u látijọ́.

Obìnrin náà ní tirẹ̀ ń gbálẹ̀ yàrá ọmọ rẹ̀ ní àràárọ̀. Nígbà Ìkórè, á fi ijó gbé iṣu rẹ̀ tó tóbi jù lọ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, á ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń ṣọ́ Bọ́dúndé fún òun ní ìdálẹ̀. Gbogbo ìjọ á ní, "Àmín." Ẹ wá wo bí a ti ń ṣe àmín náà, tí olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀! Ládépọ̀ á ti jáde síta. Bó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, á ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn ò tíì lò ó tán ni?" Ọkọ mi á ní, "Ó kù díẹ̀, Yèyé." Ó wá pa ọ̀nà oko wa tó gba iwájú ilé Yèyé tì, ó lọ la òmíràn tó gba inú akúrọ̀, a wá ń fi kòkó lórí rìn nínú ẹrẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi jókòó. Ẹni tó bá jókòó, wọ́n á bá a nílé.

Mo bá a jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ẹ lọ sọ fún obìnrin yìí!" Á ní, "Àríkẹ́, èmi kọ́ ni mo ni ọ̀rọ̀ náà. Mo ti wí fún àgbà pé ó dáa." Á tún dìde.

Ní ọdún tí ọba àwọn òyìnbó kú tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gorí oyè, Ẹmpáyà Dè ń bọ̀ bí ó ti máa ń bọ̀ lóṣù Èbìbí, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí koríko sì ń lé wa nínú oko. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ilé ìwé láyé ìgbà náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé Ìṣẹ́, ti Èmùré àti ti àwọn abúlé á wọ aṣọ funfun, wọn á kóra jọ sí pápá ní Ìkẹ́rẹ́. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó á ti Adó wá, á gbé ọwọ́ kan iwájú orí bí wọ́n ti ń màáṣì kọjá. Wọn á kọrin fún ọba tí wọn ò rí rí, wọn á gba bísíkíìtì, ó parí. Ládépọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ Ìṣẹ́ ní màáṣì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá a lára mu nìyẹn, torí ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bó bá ti ń pariwo "Lẹ́fìtì! Ráìtì!" lórí pápá ilé ìwé, ojú rẹ̀ á mọ́ díẹ̀. Ìgbà tó bá ní kí wọ́n dúró ni òun náà ń bẹ̀rẹ̀ sí wo ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, Solomon wọ ilé wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òun ni tíṣà àgbà tuntun, ọmọ Ìjàn ni, kò tíì pẹ́ ní Ìṣẹ́. Ó ní, "Bàbá Ìyábọ̀, tọdún yìí yàtọ̀ o. Ajẹ́lẹ̀ ní kí a má kàn fi bísíkíìtì pa ọjọ́ náà mọ́. Wọn yóò pe orúkọ àwọn ọmọ wa tó bógun lọ, láti ìlú dé ìlú, gbogbo ènìyàn yóò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bọ̀ ni ẹ ó tò níwájú."

Ọkọ mi dúró jẹ́ẹ́. N kò rí i kó dúró bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ìyẹn dára, Tíṣà. Àwọn tí kò bọ̀ ló ni ọjọ́ náà. Àwa kàn ń bá wọn jẹ bísíkíìtì wọn ni." Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. "Ti Ìṣẹ́ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa pè?"

"Joseph Bọ́dúndé. Mo tiẹ̀ ti lọ sọ fún ìyá wọn."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ sọ kí ni fún un?"

"Mo ní wọ́n máa pe orúkọ Bọ́dúndé níwájú Ajẹ́lẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, pé kí wọ́n bá wa lọ. Inú wọn dùn gan-an ni, Ìyá Ìyábọ̀. Wọ́n fò sókè." Ojú rẹ̀ ti ń yí padà. "Ìyá ọmọ ni, n kò lè máa dárúkọ ikú lójú wọn. Àbí... àbí wọn ò mọ̀ ni?"

Kí a tó dá a lóhùn, a ti ń gbọ́ ohùn obìnrin náà lójú ọ̀nà. Orin ló ń kọ bọ̀. Ó dé, ó so mọ́ ọkọ mi lọ́rùn, ó ní, "Ládépọ̀! O ò wí fún mi! Wọ́n ti lò ó tán! Àwọn tí wọ́n bá pè ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dá sílẹ̀ kí wọ́n máa bá ìyá wọn lọ ulé!" Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìrètí ló sọ fún un. Ọmọ tí wọ́n ń lò ní ìdálẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n wá ní wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ níwájú òyìnbó, kí ni kí ìyá rẹ̀ ka ìyẹn sí? Àwa la fi irọ́ tẹ́ ẹní, òun kàn sùn lé e ni.

Ọjọ́ náà gan-an ni èmi àti ọkọ mi lọ bá Bámijókò. Ó wà lórí pèpéle rẹ̀, ó ń gé orógbó. Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé. Bámijókò gbọ́ ọ tán, ó tún gé orógbó mìíràn. Ó ní, "Ẹ lọ bá Tíṣà kó yọ orúkọ náà kúrò."

Ọkọ mi ní, "Bàbá, Bọ́dúndé kò ní isà òkú tí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ tún gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí obìnrin náà kú ni? Ọmọ kan ṣoṣo! Bó bá gbọ́ ọ, ó di òkú méjì. Ta ló máa sin ín?"

Ara mi gbóná. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Ta ló sọ ọmọ yìí nù? Kì í ṣe ìbọn. Ìbọn kàn pa á ni. Àwa la sọ ọ́ nù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́!"

Ládépọ̀ ní kí n dákẹ́. Bámijókò kò bínú. Ó ju orógbó náà sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní ó dáa, ó ní òun gbọ́, ó ní tó bá ku ọ̀la, òun yóò kó àwọn ará ilé jọ, òun yóò sọ ọ́ fún un. Ó fi Ọlọ́run búra. Ọkọ mi sùn ní ọjọ́ náà títí oòrùn fi là. Ohun tí n kò rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Ó wá ku ọ̀la. A dé ilé Bámijókò, ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò rẹ̀ ní, "Hà, ẹ ẹ̀ gbọ́ ni? Wọ́n ti lọ sí abà wọn lọ́nà Èmùré láti ìdájí. Wọ́n ní ọ̀bọ ń jẹ kòkó wọn." Ọ̀bọ! Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa ti kúrò lọ́jà, ó lọ ń lé ọ̀bọ.

Mo ní, "Bàbá Ìyábọ̀, ó ku ẹ̀yin." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ sí ilé Yèyé. Mo ń gún ata, mo ń fi etí sílẹ̀ de igbe. N kò gbọ́ igbe. Ó pẹ́ díẹ̀, ó padà dé, àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ewé, ó ń gbóná. Ó ní, "Ó ń din àkàrà fún Bọ́dúndé. Ó ní kí n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ mọ. Ó tún ra fìlà fún un, ó ní kí n gbé e sórí bóyá yóò bá a mu, torí orí wa dọ́gba." Ó gbé àkàrà náà sórí odó. "Ojú rẹ̀ ń dán, Àríkẹ́. Mo ti kọjú sí ìbọn. N kò lè kọjú sí ìyẹn."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó sì ṣe mí bíi kí n gbá a mọ́ra. Mo bu àkàrà náà jẹ. Iyọ̀ rẹ̀ mọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹmpáyà Dè náà, a pète pé kí n dá obìnrin náà dúró sílé. Mo gbé Ìyábọ̀ pọ̀n, mo lọ bá a, mo ní, "Yèyé, ara ọmọ yìí ń gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró tì í." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. Ó ní, "Ara ọmọ yìí tutù ju tìrẹ lọ. Gbé e, kó wá rí bàbá rẹ̀ kejì." Ó ti wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó ti gbé ugbá àkàrà lé orí. Òun ló kọ́kọ́ gun lọ́rì. Ọkọ mi wà níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, nínú kákí rẹ̀, mẹ́dàlì láyà. Nígbà tí ẹrẹ̀ mú wa lọ́nà, Yèyé náà ló kọ́kọ́ sọ̀, ó ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé tì í, ó ń pariwo, "Ẹ tì í! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é tán ká tó dé!" Mo ń gbàdúrà kí ẹrẹ̀ náà mú wa títí di ọjọ́ kejì. Lọ́rì yọ.

Pápá Ìkẹ́rẹ́ kún. Ìkùukùu ṣì bo orí òkè Olósùnta, koríko tutù, aṣọ funfun lọ súà. Wọ́n ta àgọ́ fún Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọba. Àwọn ọmọ màáṣì, wọ́n kọrin, a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ti Bóòmà bọ̀ jáde, láti ìlú gbogbo, àwọn kan ti sanra, ọ̀kan ń tiro, wọ́n tò níwájú àgọ́. Ọkọ mi wà láàárín. Obìnrin náà ń fi ìka ka ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mi orí. "Kò tíì jáde," ló ń wí fún mi. "Wọn ò tíì mú wọn jáde." Ọwọ́ mi wà lára aṣọ rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ni mo dì í mú tàbí òun ni mo fi dúró.

Akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó kó tó pè wọ́n, èyí tí obìnrin náà kò gbọ́. Ó pe ti Ìkẹ́rẹ́, ó pe ti Èmùré. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwọn ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi gèlè bojú. Ó ní:

"Ìṣẹ́. Joseph Bọ́dúndé."

Yèyé Bọ́dúndé dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ dì dáadáa, ó na ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn àgọ́ níbi tó rò pé wọn yóò gbà mú un jáde. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wò mí. Ó ní, "Kò gbọ́ ni? Ẹ tún un pè! Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa, ẹ tún un pè!" Ohùn rẹ̀ lọ káàkiri pápá. Akọ̀wé náà gbójú sókè, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ọlọ́run ló mọ ohun tó wọ orí rẹ̀, ó tún un pè: "Joseph Bọ́dúndé."

"Sà!"

Ládépọ̀ ni. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú nínú ìlà, ó fi gìgísẹ̀ gbá gìgísẹ̀. Gbogbo ará Ìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Yéè! Ó ti jẹ́ ìpè òkú!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pe òkú tó bá dáhùn, wọ́n ní yóò bá a lọ ni. Mo gbàgbé ìyẹn pátápátá nígbà náà. Ohun tí mo rí ni pé ọkọ mi ò lè fara da kí orúkọ náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹni tó gbé e.

Fèrè ológun dún. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n wí ti bẹ̀rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ṣí fìlà, gbogbo pápá pa lọ́lọ́, àwọn ọmọdé pàápàá. Obìnrin náà gbé ugbá àkàrà kalẹ̀ sórí koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó la àárín pápá kọjá lọ sí ibi ìlà náà, kò yára, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Ọlọ́pàá kan fẹ́ dá a dúró, ó kọjá lára rẹ̀. Ó dúró níwájú ọkọ mi. Mo ti sáré tẹ̀lé e, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ lo dáhùn."

Ládépọ̀ ń wo ọ̀kánkán bí wọ́n ti kọ́ ọ. Òfin ológun ní kó má sọ̀rọ̀. Òfin ilé wa ní kó má sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ládépọ̀, kí ló dé tí ìwọ dáhùn? Bọ́dúndé dà?"

Ọkọ mi rẹ ojú sílẹ̀, ó wò ó. Ó ní, "Ó kú, Yèyé. Ó ti kú láti ọjọ́ yẹn. Wọn ò lò ó níbì kankan. Orí itan mi ló kú sí."

Igbe tí obìnrin náà ké, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ó ké nínú ìdákẹ́jẹ́ òyìnbó, òkè dá a padà. Ó ní, "Mo dúpẹ́! Mo ń jó, mo ń dúpẹ́, ẹ ń ṣe àmín!" Ó jókòó sínú koríko tútù, ó ń lu ilẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá méjì ń bọ̀, ọ̀kan ti fi ìka lé ètè, ó ń ṣe "ṣíì" sí i. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo na ọwọ́ sí wọn, mo ní, "Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án! Tiyín ni kí ẹ dákẹ́ fún òkú yín. Tiwa ni ká ké. Ọmọ rẹ̀ ló bá yín jà o!" N kò mọ̀ bóyá Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ó ṣáà gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọlọ́pàá náà sì dúró.

Ládépọ̀ ṣí fìlà rẹ̀. Ó jáde kúrò nínú ìlà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú kákí tí mo fi áyọ́ọ̀nù èédú lọ̀ ní ìdájí. Èyí tó ń tiro tẹ̀lé e. Àwọn yòókù náà ṣí fìlà, wọ́n ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọkùnrin ńláńlá, títí kò fi sí ìlà mọ́ níwájú àgọ́. Àwọn ìyá tó ti fi gèlè bojú tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, olúkúlùkù ń pe tirẹ̀. Wọ́n fun fèrè pé àkókò ti pé. Ẹnikẹ́ni kò dá fèrè lóhùn.

Nígbà tí ohùn obìnrin náà ti ha, ó yíjú sí ọkọ mi. Ó ní, "Ó jẹun kó tó kú?"

"Ó jẹun, Yèyé. A jọ jẹun ní àárọ̀ ọjọ́ náà."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ dá nìkan gbin iṣu lọ́dún tó ń bọ̀." Ládépọ̀ ti ń sunkún. "N kò wá bá yín gbìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé. Mo ń gba inú akúrọ̀."

Ó mi orí, bí ẹni pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí òun ń wá. Ó ní, "Ta ló pa ojú rẹ̀ dé?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ wo?"

Ọkọ mi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Obìnrin náà gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ náà bo ojú ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì di ọwọ́ náà mú síbẹ̀ pinpin, ó ń sunkún sínú rẹ̀.